Ta Ló Gbé Lẹ́tà Dókítà ní Sákẹ́tẹ́?

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo mọ̀ pé wọ́n ti gbé lẹ́tà mi. Mo fa àpótí onígi tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde, mo gbé aṣọ méjì tó wà lókè kúrò, mo gbé Bíbélì kúrò, mo na ọwọ́ sí ibi tí mo máa ń nà án sí láràárọ̀. Pákó lásán ni ọwọ́ mi kàn.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo da gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí ẹní, tí òógùn bò mí. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rù ń bà mí, nítorí odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ti fi ń sọ fún gbogbo èèyàn pé n kò ní lo lẹ́tà náà.

Ọdún kẹrin tí Dàhòmì gba òmìnira ni. Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Bó bá ti dúró ní Sákẹ́tẹ́, àwọn obìnrin á gbé igbá wọn sórí, òórùn epo tuntun àti irú á gba gbogbo ibẹ̀ kan. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n òórùn yẹn kò kúrò nímú mi.

Lucien ni orúkọ mi. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí lọ́dún náà. Iṣẹ́ òṣùwọ̀n ni mò ń ṣe ní Pọ́bẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ á gbé ekùrọ́ wá láti Towé àti Issaba, èmi á gbé àpò wọn kọ́ sórí òṣùwọ̀n, èmi á pe iye kílò rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe é.

Oṣù méje ni mo fi ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ mi kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo sì ń mu àgbo rẹ̀. Nígbà tí mo rù débi pé mo lu ihò tuntun mẹ́ta sí bẹ́líìtì mi, Hortense, ìyàwó mi, fà mí lọ sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe mí, n kò ní kọ ọ́ síbí. Dókítà òyìnbó kan ní jẹjẹrẹ ló wà nínú ìfun ńlá mi, nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ní kò tíì tàn káàkiri, òun lè fi abẹ gé e kúrò. Ó kọ lẹ́tà kan tí wọn yóò fi gbà mí wọlé fún iṣẹ́ abẹ, ó fi àwòrán inú mi sínú rẹ̀, ó ní kí n tètè mú un padà wá, nítorí òpin oṣù Kẹta ni òun ń padà sí ìlú wọn, kò sì tíì sí ẹni tí yóò dúró ní ipò òun.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà pòórá, ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù kí oṣù Kẹta parí.

N kò padà lọ nítorí pé ẹ̀rù abẹ bà mí. Firmin ni mo lọ bá.

Firmin ti gbé Dakar fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì mú ìwé kan bọ̀ láti ibẹ̀. Ìwé náà sọ pé iná ló ń pa ọmọ aráyé. Ó ní ohunkóhun tí a bá ti sè ti kú, òkú oúnjẹ náà ló ń jẹrà nínú èèyàn tó fi ń di jẹjẹrẹ. Nínú ilé rẹ̀ ní Sákẹ́tẹ́, kò sí ààrò. Omi ewúro tútù ni, ìbẹ́pẹ ni, omi àgbọn ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ni. Kò sí iyọ̀, kò sí epo, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹyin, kò sí ẹja, kò sí ẹran. Ọgọ́ta ọjọ́ ni yóò gbà, ó ní jẹjẹrẹ á gbẹ dànù bí ìdodo ọmọ tuntun.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wọ̀n wá. Mo wọlé pẹ̀lú kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo já wálẹ̀ sí mẹ́rìnléláàádọ́ta, Firmin ní ìdọ̀tí ló ń jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo di márùndínlọ́gọ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, méjìdínlọ́gọ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlá wọn nǹkan pé kí ó má gba òṣùwọ̀n gbọ́?

*

Mo ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Ọ̀gá Bonaventure ni wọ́n rán wá. Ó kúrú, ó níkùn, ìrìn rẹ̀ kò ní ìkánjú. Ọdún mẹ́fà ló fi se oúnjẹ fún àwọn sójà Faransé lójú ogun Indochine kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní Sákẹ́tẹ́, wọ́n máa ń sọ pé bí wọ́n bá jí ewúrẹ́ rẹ, Bonaventure á kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè ohun tí ewúrẹ́ náà jẹ.

Ó jókòó sórí àpótí mi.

"Kí lo jẹ lánàá?"

"Ọ̀gá, lẹ́tà ni wọ́n gbé."

"Mo gbọ́. Kí lo jẹ?"

"Ìbẹ́pẹ. Omi ewúro."

"Láàárọ̀?"

"Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò. "Ìgbà wo lo rí lẹ́tà náà kẹ́yìn?"

"Àárọ̀ àná, Ọjọ́rú. Láràárọ̀ ni mo ń wò ó."

"O ń wò ó láràárọ̀, ṣùgbọ́n o ò fẹ́ lò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Mo mọ ọkùnrin kan tó kọ ìyàwó rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gba ẹ̀yìnkùlé obìnrin náà lọ sóko. Òun náà ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́." Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ò ń rí ńkọ́?"

"Ó ti dá."

Irọ́ ni mo pa. Kò tíì dá. N kò sọ fún Firmin, n kò sọ fún Hortense. Bonaventure kàn mi orí, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ta ló wọ yàrá yìí lánàá?"

Mo kà wọ́n fún un. Firmin gbé omi ewúro wọlé. Bàbá Bàṣírù, àgbà oníṣòwò aṣọ tí a jọ ń sùn nínú yàrá, kò jáde rárá. Hortense wá láti Pọ́bẹ̀, ó fọ aṣọ mi, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán lọ.

"Ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀ bí o kò bá lọ sábẹ́ abẹ?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà kí n tó dáhùn. "Firmin," ni mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

*

Firmin ń gún ewé nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ó ga, ohùn rẹ̀ sì dùn. Gbogbo wa ló ń pè é ní Dókítà. Ọ̀gá Bonaventure kò pè é bẹ́ẹ̀.

"Firmin, lẹ́tà aláìsàn rẹ ti sọnù."

"Bọ̀njúù, Ọ̀gá. Ọpẹ́ ni mo máa dá. Lẹ́tà yẹn ń dí oògùn lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ wà nínú àpótí, kò sí nínú igbá tí mò ń fún un."

"Ìwọ lo gbé e?"

"N kò gbé e. Bó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni, mi ò bá ti fi dáná."

"Iná wo? Wọ́n ní kò síná nílé yìí."

Bonaventure ti ń rìn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òkúta mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, eérú sì wà láàárín wọn, pẹ̀lú etí bébà kan tó ti dúdú.

Mo di igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú. Lójú inú mi, mo rí abẹ, mo rí òyìnbó náà lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ, mo sì mọ̀ níbẹ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá, lẹ́tà yẹn ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Bonaventure lóṣòó. Ó mú bébà náà, ó fi àtàńpàkò àti ìka kan ra á, ó gbé e sí imú.

"Farabalẹ̀, Lucien. Àwòrán tó wà nínú lẹ́tà rẹ, bíi rọ́bà ló rí. Bó bá jóná, gbogbo àdúgbò á húkọ́. Bébà ìròyìn nìyí, wọ́n fi wé nǹkan ni." Ó tún gbóòórùn. "Firmin, ẹja yíyan lo fi sè é ni, àbí ẹja tútù?"

Firmin ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Àlùbọ́sà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Epo náà kò wọ́n jù. Ẹni tó ń sun lẹ́tà kì í fi àlùbọ́sà sí i."

"Ara tèmi le, Ọ̀gá," ni Firmin sọ nígbẹ̀yìn. "Ẹni tí ara rẹ̀ le lè jẹ òkú oúnjẹ díẹ̀."

Láti ojú fèrèsé yàrá wa, mo gbọ́ ẹ̀rín Bàbá Bàṣírù, ẹ̀rín àgbà tó ń wọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa àga nílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti kú báyìí. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ nílé yẹn, ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń fẹ́ tún gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

*

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín bàbá náà dá nígbà tí Bonaventure wọlé padà, tó lóṣòó síwájú búútà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní àdúrà.

"Bàbá, ẹ kú àdúrà."

"Ó ṣeun, ọmọ mi."

"Búútà mélòó lèèyàn kan fi ń ṣe àlùwàlá?"

"Ẹyọ kan tó."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ti àlejò ni."

"Àlejò wo? Lucien, Bíbélì ló wà nínú àpótí rẹ, àbí?" Ó gbé búútà kejì, ó fi ìka yí ẹnu rẹ̀ po, ó gbé ìka náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ń dán. "Bàbá, omi kì í dán báyìí."

Bàbá Bàṣírù wò mí, ó wo òrùlé. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ jọ̀ọ́. Màrúfátù ọmọ mi ló ń gbé ọbẹ̀ wá nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń gún ẹja kúnná títí yóò fi lè gba ẹnu búútà jáde. Ọmọ tó ń ṣe tó báyìí, ẹ fẹ́ kí n kọ̀ fún un? Èyí tí mo fi ń ṣe àlùwàlá, ọbẹ̀ kò kàn án rí o, Ọlọ́run gbọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kẹta tí mo dé. Ẹ má sọ fún Dókítà."

"Dókítà ń jẹ tiẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, Bàbá."

"Háà! Ìyẹn ni mo ṣe máa ń gbọ́ òórùn! Mo rò pé ebi ń pa mí tí mo fi ń lálàá ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń gbé ewúro tútù mì, tí mo ń di ẹnu mi mú kí n má bì í, tí mo ń gbọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń ta àkàrà lọ́nà tí mo ń kọjú sí ògiri. Nínú ilé yẹn, èmi nìkan ṣoṣo ni mò ń pa òfin mọ́.

"Bàbá," ni Bonaventure wí, "ẹ ò jáde lánàá. Ta lẹ rí nídìí àpótí ọkùnrin yìí?"

"Olè kankan kò wọlé. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ṣí i, ó kó aṣọ ọkọ rẹ̀ lọ fọ̀."

"Kì í ṣe Hortense," ni mo yára sọ. "Kò mọ̀wé kà. Kí ló fẹ́ fi lẹ́tà Faransé ṣe?"

"Ìyá mi náà kò mọ̀wé," ni Bonaventure dáhùn. "Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá dé láti Indochine, ó mọ èyí tó jẹ́ tèmi kí wọ́n tó ṣí i." Ó dìde. "Ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

"Lọ́la."

"Èmi náà ń bọ̀ lọ́la."

*

Kò tíì dé agogo mẹ́wàá ní ọjọ́ Ẹtì tí Hortense wọlé. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sí ìta, nítorí Firmin kì í jẹ́ kí oúnjẹ tí iná ti kàn wọ ẹnu ọ̀nà. Bonaventure ti jókòó sórí pẹpẹ níbẹ̀, ó ń fi abẹ́bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Bàbá Edwige," ni Hortense kí mi. Edwige ni àkọ́bí wa. "Ṣé ara ń le sí i?"

"Ìyá, ẹ kú àbọ̀," ni Bonaventure gbà á lẹ́nu mi. "Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Pọ́bẹ̀ ni, Ọ̀gá. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni mo wọ̀."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa. Wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi."

Bonaventure ṣí aṣọ tó bo apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni ń wo ohun ọ̀ṣọ́.

"Ẹ̀kọ yìí dára. Ta ló tà á?"

"Obìnrin kan ní Pọ́bẹ̀."

"Mo máa ń jẹ ẹ̀kọ Pọ́bẹ̀. Ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ewé tíìkì lèyí, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ ní igun mẹ́rin. Nínú gbogbo ìlú tó wà lójú irin yìí, Àjàṣẹ́ nìkan ni mo ti rí àwọn ìyá Ègùn tó ń pọ́n ọn báyìí."

"Bóyá ó ra ewé náà—"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ nígbà tí fèrè dún láti ọ̀nà Pọ́bẹ̀, ó gùn, ó sì ń súnmọ́ tòsí. Bonaventure gbé ìka kan sókè títí fèrè náà fi dákẹ́.

"Ìyá," ni ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ọkọ̀ tẹ́ ẹ wọ̀ láti Pọ́bẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé yẹn."

Hortense kúnlẹ̀. Kì í ṣe Bonaventure ló kúnlẹ̀ fún.

"Èmi ni mo gbé e, Bàbá Edwige. Láti ibí ni mo ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́rú, n kò lọ sí Pọ́bẹ̀. Àárọ̀ àná ni mo dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń sọ Faransé sí mi, mi ò gbọ́. Mo dúró. Oòrùn mú mi, mo dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ gbọ́ tí mò ń fi Ègùn bẹ Ọlọ́run, òun ló fà mí lọ́wọ́ dé iwájú dókítà, tó sì bá mi túmọ̀. Mo na lẹ́tà sí i. Ó bi mí pé níbo lẹ wà. Mo ní ẹ ń bọ̀." Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú bébà kékeré kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí jáde. "Ọjọ́ Ajé kí ẹ wọlé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò ṣe é. Ó ní bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, òun ò ní àyè mọ́ títí òun yóò fi lọ."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ṣé o gbàgbé ohun tí mo sọ níwájú ẹbí ni?"

"N kò gbàgbé. Ẹ ní ẹni tó bá tún tẹ ọ̀nà ilé ìwòsàn nítorí yín, bó ṣe ìyàwó yín, kó máa bá ọ̀nà náà lọ." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mo ti rò ó dáadáa kí n tó gbé e."

*

Ìbínú gbé mi dìde. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n tú mi síhòòhò lọ́jà.

"Mo ń sàn!" ni mo pariwo. "Kí ló dé tí ẹ ò fi fojú rí i? Kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí! Òṣùwọ̀n kì í parọ́!"

Ariwo mi ló mú Firmin jáde láti ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?" ni ó wí.

Bonaventure kò dá a lóhùn. Èmi ló kọjú sí. "Lucien, iṣẹ́ òṣùwọ̀n lò ń ṣe. Bí àgbẹ̀ kan bá gbé àpò ekùrọ́ wá, tí àpò náà wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, kí lo máa ń ṣe?"

"Kí ni ìyẹn jẹ́ nínú èyí?"

"Dá mi lóhùn."

"Mo máa ti ọwọ́ bọ inú àpò dé ìsàlẹ̀, mú ẹyọ kan, fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Èyí tó gbẹ, èékánná ò ní wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n rẹ sómi kó lè wúwo—"

Mo wo ẹsẹ̀ mi.

"Èyí tí wọ́n rẹ sómi ńkọ́?"

"Ojú èékánná á dúró lára rẹ̀."

"Na ẹsẹ̀ rẹ."

Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀. Ó fi àtàńpàkò tẹ ojúgun mi, ó tẹ̀ ẹ́ títí bí ẹni ń ronú nǹkan mìíràn, ó wá gbé ọwọ́ kúrò. Ihò kan dúró níbẹ̀. A ń wò ó. Kò dìde. Ó dúró bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ìka tẹ amọ̀ tútù.

"Bàbá Bàṣírù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ ẹja, ẹ fún mi ní tiyín."

Bàbá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tín-ín-rín láti orí ẹní. Bonaventure tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé ọwọ́, awọ ara náà padà sí àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ní Indochine," ni Bonaventure wí, "mo rí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń fún ní ìrẹsì funfun nìkan. Wọ́n kọ́kọ́ rù. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ẹni tó sanra. Àwọn ọ̀gá wa dunnú. Àwa tá a wà nídìí ìkòkò mọ̀ pé omi ni. Ara tí kò rí ẹja, tí kò rí ẹ̀wà, tí kò rí ẹyin, omi ló máa ń gbá jọ sínú rẹ̀, pàápàá ara tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ nù." Ó wò mí lójú. "Mo tún bi ọ́, Lucien. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

Mo rántí bàtà mi tó ti há láti ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo ní òjò ló mú awọ rẹ̀ fún. Mo rántí gbogbo àgbẹ̀ tí mo ti dójú tì níwájú èèyàn ní Pọ́bẹ̀ nítorí ekùrọ́ tó tutù. Mo mọ omi nínú àpò ẹni gbogbo. N kò mọ̀ ọ́n nínú ara mi.

"Kò tíì dá," ni mo wí. "Kò dá lọ́jọ́ kan rí."

Hortense fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Firmin ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi. Ó fi àtàńpàkò tirẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àkọ́kọ́. Ó gbé e kúrò, ó ń wò ó.

"Mo rò pé ẹran ara ni," ni ó sọ. "Mo fi Ọlọ́run búra, Ọ̀gá, mo rò pé ẹran ara ni."

Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo gbọ́ pé abẹ́ abẹ ni ìyá rẹ̀ kú sí ní Dakar. N kò bínú sí i mọ́ láti ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ.

"Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo aláìsàn ilé yìí padà sọ́dọ̀ ẹbí wọn," ni Bonaventure sọ fún un. "Kí ìwọ náà wá bá mi ní àgọ́. Jẹun kó o tó wá, ọ̀rọ̀ wa máa pẹ́."

"Ẹjọ́ olè ńkọ́, Ọ̀gá?" ni Bàbá Bàṣírù béèrè.

"Olè wo? Dókítà ló ní kí wọ́n mú lẹ́tà padà wá, ó sì ti dé ọwọ́ dókítà." Ó dé fìlà rẹ̀. Kó tó lọ, ó mú ẹ̀kọ kan nínú apẹ̀rẹ̀ Hortense. "Èyí jẹ́ ẹ̀rí," ni ó wí, ó sì ti ń já ewé rẹ̀ bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Hortense ló lọ sí ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ Sákẹ́tẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Láti ọjọ́ Ẹtì tí a ti wà nílé Bàbá Bàṣírù, a kò tíì sọ ju ohun tí a máa gbé àti ìgbà tí a máa lọ. Nígbà tó padà dé, ó kó tíkẹ́ẹ̀tì náà fún mi mú, kó lè tún ẹrù rẹ̀ dì.

Ẹrù tó lọ kó wá láti Pọ́bẹ̀ pọ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ọlọ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé ọlọ lọ tọ́jú aláìsàn.

Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹyọ mẹ́ta ni. Méjì jẹ́ tèmi: àlọ sí Àjàṣẹ́, àbọ̀ sí Pọ́bẹ̀. Ẹyọ kan jẹ́ tirẹ̀. Àlọ ni.

"Ìyá Edwige, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ kò pé."

"Ó pé." Kò gbé ojú sókè láti ìdí okùn tó ń so. "Ìyá mi ṣì wà ní Àjàṣẹ́. Mo máa dúró tì yín títí wọn yóò fi ní kí ẹ máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà, màá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ti sọ̀rọ̀ níwájú ẹbí, n kò fẹ́ kí wọ́n ní ẹ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ nítorí obìnrin."

Mo jókòó pẹ̀lú bébà mẹ́ta náà lọ́wọ́. Nínú oṣù mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣàìsàn, kò sí ẹni tó dá a lójú pé màá tún padà sí Pọ́bẹ̀, èmi pàápàá kò gbà á gbọ́. Òun ti ra àbọ̀ mi.

Mo dìde. Bàtà kò wọ̀ mí mọ́, sálúbàtà Bàbá Bàṣírù ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógójì ló wà láti ìdí máńgòrò dé ojú fèrèsé yẹn. Mo kà wọ́n, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró láàárín wọn kí n lè mí.

"Àbọ̀ kan," ni mo sọ fún ọkùnrin tó wà nínú. "Láti Àjàṣẹ́ sí Pọ́bẹ̀."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tìrẹ."

"Mo mọ̀. Ti ìyàwó mi ni."

Mo rìn padà. Ọkọ̀ ti ń wọlé, àwọn obìnrin ti ń gbé igbá sórí, eruku ti sọ. Mo na tíkẹ́ẹ̀tì náà sí Hortense. Ó gbà á, ó yí i padà lọ́wọ́. Kò mọ̀ ọ́n kà, ó sì gbé ojú sókè wò mí.

"Kí lèyí?"

"Tọ́jú ẹ̀ dáadáa," ni mo wí. "Ìwọ lo máa mú mi délé."